Oògùn dókítà wà nínú báàgì yín, wọ́n dá mọ́tò dúró lọ́nà Badagry: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Badagry lọ sí Seme mọ̀ pé dídá mọ́tò dúró ibẹ̀ ò lópin, pọlíìsì rèé, kọ́sítọ́ọ̀mù rèé, ìmígíréṣọ̀n rèé, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ò gbẹ́yìn. Èmi àti màmá mi ń ti ọsibítù bọ̀ nígbà kan, ẹsẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, dókítà wá fún wọn ní tramadol 50mg, oògùn ìrora. Kí n tó mọ̀, màmá mi ti tú gbogbo ẹ̀ kúrò nínú páálí, wọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Ọ̀gá kan tó ń yẹ mọ́tò wò rí ibi tí ìró wú.

"Màmá, kí lẹ so síbẹ̀ yẹn?"

"Oògùn ẹsẹ̀ mi ni, ọmọ mi."

Ó da oògùn yẹn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń ka hóró kọ̀ọ̀kan. Ó tó wákàtí kan tá a fi wà nínú oòrùn, ìwé dókítà tó wà nínú pọ́ọ̀sì mi ló yọ wá.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìwé tí dókítà kọ dání, èyí tí orúkọ yín, déètì àti iye tẹ́ ẹ máa lò wà lára ẹ̀, pẹ̀lú rísíìtì kẹ́míìsì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú. Ẹ wo agbára oògùn náà dáadáa o, torí tramadol tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí ò ju 50 àti 100mg lọ, tó bá jẹ́ 225 lẹ gbé dání, ìwé wo ló fẹ́ gbà yín? Oògùn ikọ́ oní-codeine ńkọ́? Láti May 2018 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe é mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé, ẹ má rà á bọ̀ láti Cotonou.

Ẹ má bá ará àdúgbò gbé páálí tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá dá yín dúró, ẹ má sá, ẹ má jù ú sínú igbó, ẹ má sì ki owó bọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà lè di ẹjọ́ mìíì. Ẹ ní kí wọ́n ka oògùn náà lójú yín, kí wọ́n sì kọ iye ẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú gan-an ni ọ́fíìsì wọn, níbi tí wọ́n ti máa ní kẹ́ ẹ wá kọ sítétímẹ́ǹtì. Ẹ̀rù á ti bà yín, ebi á máa pa yín, ẹni kan á ní "ẹ ṣáà sáìnì, ẹ máa lọlé", òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, ní òyìnbó, ẹ sì sáìnì ohun tẹ́ ò kà. Apá 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹ lè dákẹ́ títí ẹ máa fi rí lọ́ọ́yà, pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín láàárín wákàtí 24, àti pé tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, kí wọ́n gbé yín débẹ̀ láàárín ọjọ́ 1. Tí ò bá sówó, Legal Aid Council, àjọ ìjọba, máa ń gbèjà tálákà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹjọ́ náà kì í ṣe ẹjọ́ kékeré. Òfin NDLEA ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní kokéènì, heroin, LSD tàbí oògùn tó jọ wọ́n lọ́wọ́ láìgba àṣẹ á ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25, abẹ́ "tó jọ wọ́n" yẹn ni wọ́n sì máa ń kó tramadol sí. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Lọ́ọ́yà yín á kọ́kọ́ gbé ìwé dókítà kalẹ̀, ìyẹn ni àṣẹ yín, tó bá ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ ọ́ wá jẹ́rìí. Tẹ́ ò bá mọ̀ pé oògùn wà nínú báàgì, bóyá búùtù dáńfó ni wọ́n ti rí i, ọ̀rọ̀ "mọ̀ọ́mọ̀" yẹn ló máa dìrọ̀ mọ́. Á tún béèrè àbọ̀ láàbù: ṣé ohun tí wọ́n dárúkọ gan-an nìyẹn, ṣé iye hóró tí wọ́n kà lọ́nà náà ló dé láàbù, ọwọ́ ta ló wà láàárín kan? Tó bá jẹ́ pé wọ́n lù yín kẹ́ ẹ tó sáìnì, ẹ tètè sọ fún un, adájọ́ lè dá ẹjọ́ dúró kó kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé "wọn ò ní wáráǹtì, ẹjọ́ ti bà jẹ́ nìyẹn", ẹ má gbára lé e jù o, torí apá 14 Evidence Act 2011, ìyẹn òfin tó wà fún ẹ̀rí ní kọ́ọ̀tù, fún adájọ́ láyè láti gba ẹ̀rí tí wọn ò rí lọ́nà tó tọ́.

Nọ́ńbà lọ́ọ́yà, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ fi sínú bàtà tẹ́ ẹ bá fẹ́, fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.