Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Onílé: Bí A Ṣe Ń Tún Ilẹ̀ Onípákó Àtijọ́ Ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní GRA Ìbàdàn àti ní Ìkòyí, ilẹ̀ onípákó ṣì wà níbẹ̀: pákó kéékèèké tí wọ́n tò dábùú ara wọn sórí kọnkéré, tí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, lẹ̀ mọ́ ọn. Ìrókò, apá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ wà lára igi tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni hú igi bẹ́ẹ̀ dànù kí ó fi táìlì rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ogún tàbí ọgbọ̀n pákó ṣí kúrò nílẹ̀. Ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń di òòlù mú. Àṣìṣe kan tí a ń rí léraléra ni a fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ: àwọn onílé ń lẹ pákó padà sórí kọnkéré tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀, òjò ọdún kejì á sì tún ṣí gbogbo rẹ̀.

Pákó kì í ṣàdédé ṣí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, omi ni ó ń gbé e. Kí ẹ tó ra gọ́ọ̀mù, ẹ wá ibi tí omi náà ti ń wọlé. Ó lè jẹ́ abẹ́ fèrèsé lúfà tí òjò ń fẹ́ gbà, tàbí páìpù ilé ìdáná tí ó ń jò nínú ògiri, tàbí omi éésì tí kò rí ọ̀nà jáde. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni garawa omi ọṣẹ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ láràárọ̀ Sátidé láti fi fọ pálọ̀. Ilẹ̀ onípákó kì í ṣe ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, a kì í da omi sí i.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ojú omi, ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí orí pákó kọ̀ọ̀kan tí ó ti tú, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ gé ọ̀rá tí ó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kọnkéré pinpin, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ rí ìkán omi lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí kọnkéré ibẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ, iṣẹ́ kò tíì yá. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún un dán wò. Ẹni tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ tí ó sì sọ pé ó ti gbẹ, ojú ilẹ̀ náà nìkan ni ó kàn. Bí ẹ bá da kọnkéré tuntun dí ihò kan, ẹ ka ọjọ́ kan fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 30 gbọ́dọ̀ lo ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, yóò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ to àwọn pákó tí ẹ yọ sí ibòòji, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ẹ má ṣe sá wọn sóòrùn, nítorí wọn yóò ká kò, wọn yóò sì sán.

Ọ̀dà tí ó wà lẹ́yìn pákó gbọ́dọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ fá a, ẹ má ṣe yọ́ ọ nínú iná, ẹ má sì fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dà àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ kó pákó díẹ̀díẹ̀ sínú fíríísà di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà náà yóò gan, ẹ ó sì lè fi sísẹ́lì ṣí i kúrò ní ègé ńláńlá. Ẹ bo imú yín. Èyí tí ó lẹ̀ mọ́ kọnkéré dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá irú ilẹ̀ yìí lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ nínú ọ̀dà náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.

Gọ́ọ̀mù funfun tí kápẹ́ńtà fi ń ṣe àga kò dára fún iṣẹ́ yìí. Omi wà nínú rẹ̀, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Gọ́ọ̀mù tí kò ní omi, tí ó máa ń fà díẹ̀ bí igi bá wú, tí wọ́n sì kọ sára agolo rẹ̀ pé ó ṣeé lò lórí ọ̀dà, ni kí ẹ rà. Ẹ gbé àpò iyanrìn lé pákó náà fún wákàtí 24. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 10 sílẹ̀ létí ògiri yíká, kí ẹ má sì da sìmẹ́ńtì sí i. Bákan náà, àlàfo tí ó ń hàn láàárín pákó nígbà ọyẹ́ kì í ṣe àrùn. Bí ẹ bá fi ohun líle dí i, pákó kò ní rí àyè wú sí nígbà òjò, yóò sì gbéra. Bí pákó bá sọnù, ẹ yọ èyí tí ó wà lábẹ́ kọ́ńbọ́ọ̀dù láti fi dí ojú pálọ̀, kí ẹ sì fi igi tuntun sí abẹ́ kọ́ńbọ́ọ̀dù náà.

Ìgbà tí gbogbo pákó bá ti dúró gbọn-in nìkan ni kí ẹ háyà ẹ̀rọ tí ń fá ilẹ̀. Bí pákó bá nípọn tó mìlímítà 20, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà nọ́ńbà 40 (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni sáńpépà ṣe ń le tó), lẹ́yìn náà 80, kí ẹ parí pẹ̀lú 120. Bí ó bá jẹ́ irú tí kò ju mìlímítà 8 lọ, 80 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Eruku ìrókò máa ń ta ojú àti imú, nítorí náà kí àwọn ọmọdé kúrò nínú ilé. Ẹ kun fáníìṣì olóròóró lẹ́ẹ̀mẹta: ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ìdá kan tínà là mọ́ ìdá mẹ́sàn-án fáníìṣì. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá láàárín ìkùn kan sí èkejì, kí ẹ sì fi sáńpépà 220 fá a díẹ̀. Àkísà tí ẹ fi nu fáníìṣì tàbí òróró, ẹ rì í sínú omi, kí ẹ wá sá a síta ní títẹ́. Bí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé àga wọlé fún ọjọ́ méje. Láti ìgbà náà lọ, ìgbálẹ̀ àti aṣọ tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù tán ni ẹ ó máa lò, bí fáníìṣì bá sì ti ń ṣá ní ojú ọ̀nà ìlẹ̀kùn, ẹ fi sáńpépà 220 fá a, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i kí igi tó hàn síta.