Ẹ̀yin tá a jọ ń sin Boerboel, ajá ńlá ilẹ̀ South Africa nì
Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará. Ẹ má jẹ́ kí ajá yín sá kiri tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn báyìí, ikùn rẹ̀ lè wú kó sì lọ́ pọ̀, kó kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ pín oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì, àárọ̀ àti alẹ́. Tó bá ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan ò jáde, tí ikùn le bí ìlù, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o (mo mọ̀ wá!). Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Ní ti oòrùn Ìlọrin yìí, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní àdúgbò Òkèlélé ni mò ń bu omi sí fún tèmi. Omi inú rẹ̀ kì í tètè gbóná, ajá ò sì lè dà á nù.