Bí a ṣe gba ilé kánsù ní Ìkòròdú, àti owó tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún wa

Owó ilé tí wọ́n pè fún wa kò wọ́n rárá. ₦400,000 lọ́dún fún yàrá ńlá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí Ìta Ẹlẹ́wà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kótópó létí títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba iye bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú dòní ni pé kí a tó rán aṣọ kan ṣoṣo nínú ilé náà, owó mìíràn tó jáde lápò ẹgbẹ́ wa ti ju owó ilé ọdún mẹ́ta lọ. Mo ní rísíìtì fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. ₦250,000 kan wà níbẹ̀ tí kò ní rísíìtì, ọwọ́ ẹni tí kò ni búlọ́ọ̀kù kan nínú ilé ọ̀hún ló lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aránṣọ ni mí. Ibi tí a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa pọ̀ la ń wá. Ilé tí a rí yìí, àwọn agbowó-orí kánsù ló ń lò ó láyé ọjọ́sí. Nígbà tí a dé ibẹ̀, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà sì ti sọ iwájú rẹ̀ di ibùdókọ̀. Lẹ́tà kíkọ, fọ́ọ̀mù, fọ́tò pélébé, kí ènìyàn lọ kí alága kú iṣẹ́: ẹni tó bá ti bá ìjọba ṣe nǹkan rí mọ gbogbo ìyẹn, n kò ní fi dá yín dúró.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí a san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo fa òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 yọ nínú báàgì mi. Òfin yẹn ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà ló yọ sílẹ̀. Kò yọ Ìkòròdú. Ọ̀gá tó wà lórí àga rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ṣé ìjọba náà ń jẹ́ onílé ni?” Mo ní, “Ọ̀gá mi, ta ló wá fẹ́ gba owó ilé lọ́wọ́ wa?” Ọdún kan la san. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé iṣẹ́ ti tán.

Ibi tí wàhálà wà ni pé a ti sanwó, wọn kò sì lè fún wa ní ìwé àdéhùn, torí kò sí ẹni tó lè fi ìwé hàn pé òun ló ni ilé náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní 2003, nígbà tí Bọ́lá Tinubu jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó fi kánsù 37 kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀. Ìkòròdú tó jẹ́ ẹyọ kan di mẹ́fà. Ní 2004, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì pé àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá fi orúkọ wọn sínú òfin orílẹ̀-èdè. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Ìkòròdú kan ṣoṣo náà ló wà nínú ìwé yẹn. Wọ́n pín òṣìṣẹ́, wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga àti tábìlì. Fáìlì ilé ni wọn kò pín.

Nítorí náà, ọ́fíìsì tó gba owó wa ní àdúgbò òun ni ilé náà wà. Ọ́fíìsì kejì, èyí tó ti wà kí wọ́n tó pín, ní òun lòun kọ́ ọ. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí a lọ gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ èkejì pé wọn kò bá wọn du ilé. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ èkejì, wọ́n á ní àwọn kò lè kọ lẹ́tà láìrí fáìlì, fáìlì sì ti lọ sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ nígbà ìpínyà. Àǹtí kan tó wà nídìí fáìlì máa ń sọ fún mi pé, “Màmá, fáìlì yín ti wà lọ́nà.” Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ọ̀nà wo, ṣé ọ̀nà Ṣágámù ni àbí ọ̀nà Ìjẹ̀bú? Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúkú ń sọ ọ́ pé a kì í làágùn nídìí iṣẹ́ ìjọba. Àwa tí a wá ń bẹ̀ wọ́n ló ń làágùn.

Àárín lọ-bọ̀ yìí ni a gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ ilé náà kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì àti ìgò síbẹ̀, kọ́bọ̀ kò sì dé àpò kánsù. Ó gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wa ní omi tútù, ó wá ní tí a bá fẹ́ kí àwọn tó kó ẹrù síbẹ̀ kúrò láìjà, owó kọ́kọ́rọ́ ni kí a mú wá. Ibẹ̀ ni ₦250,000 yẹn lọ. Mo fi ẹjọ́ sun ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù fún bàbá, àgbàlagbà ni.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ìkòròdú nìkan. Ẹ wo Federal Secretariat tó wà ní Ìkòyí, ilé gọgọrọ tí wọ́n kọ́ ní 1976. Olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní 1991, ìjọba àpapọ̀ fi ilé náà lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́ ní 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Wọ́n fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ, ojú gbogbo wa ni fèrèsé rẹ̀ ṣe ń já bọ́. Tí àwọn ńlá bá ń jà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ranti yàrá méjì ti àwa aránṣọ?

Lẹ́tà kan ló là wá. Lọ́yà kan tí mo ń rán aṣọ fún ló ní kí n jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀, kí n lo òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní FOI, ti 2011. Ọjọ́ méje ni òfin fún ọ́fíìsì láti fèsì, ẹni tó ń béèrè kò sì ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Tẹ́lẹ̀, àwọn kánsù lè ní òfin Àbújá ni, kò kan àwọn. Ní Oṣù Kẹrin 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ojú ewé kan ni mo kọ: ẹ fún wa ní ẹ̀dà ìwé tí orúkọ ilé yìí wà nínú rẹ̀, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti sanwó lórí rẹ̀. Ọ́fíìsì méjèèjì ni mo fún, wọ́n sì lu ẹ̀dà tèmi lóǹtẹ̀. Ẹ̀yin ará, fáìlì tó wà lọ́nà dé! Abẹ́ páálí kan nínú ọ́fíìsì kejì ló wà látọjọ́ yìí. Kí n má purọ́, mo yan díẹ̀ nígbà tí mo ń jáde.

A wọlé tán, a rí i pé gbèsè iná ₦380,000 wà lórí mítà, ti àwọn tó lò ó ṣáájú wa. Àwọn oníná kọ̀ láti tan iná, kánsù kọ̀ láti san. A san án. Òrùlé ń jò, páànù àti igi rẹ̀ gba ₦720,000. Ti òrùlé yìí ni mo fi ń gbéraga: mo takú pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ọdún mẹ́ta wa pé ₦400,000 nínú rẹ̀ yóò kúrò nínú owó ilé ọdún kejì àti ìkẹta. Ọ̀gá ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí wa.

Tí ẹ bá fẹ́ gba irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìwé mítà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ń jò, kí déètì hàn níbẹ̀. Ẹ má san owó sọ́wọ́ ènìyàn, báńkì ni. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà FOI ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ọgbọ́n orí ayálégbé ni yóò máa tọ́jú ilé ìjọba. Mo béèrè ibi tí ₦400,000 ti wá. Kò sí adíyelé tó wá síbẹ̀ rí. Ẹnì kan wo àjà ilé, ó dárúkọ iye. Òfin ríra nǹkan ti ìjọba àpapọ̀ ti 2007 ka fífi ohun ìní ìjọba háyà mọ́ títa rẹ̀, ó sì ní kí adíyelé tí kì í ṣe ara ọ́fíìsì kọ́kọ́ dá iye lé e, kí gbogbo ará ìlú sì lè du ú ní gbangba. Òfin yẹn kò de kánsù, ṣùgbọ́n ta ló ní kí kánsù má ṣe bíi tirẹ̀? Lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni tó ń dárúkọ owó náà ló ń kọ rísíìtì, òun náà ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri kánsù, ẹni tó wà nínú rẹ̀, iye tó ń san àti ọjọ́ tí yóò kúrò, bàbá wa yẹn ìbá má rí ibi tọ́jú sìmẹ́ǹtì sí.

Ẹgbẹ́ wa ti kọ̀wé béèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé kánsù tó wà ní agbègbè wa, kì í ṣe tiwa nìkan. Lẹ́tà FOI náà ni, àwọn aránṣọ mọ́kànlá ló sì fọwọ́ sí i. Wọ́n lu ẹ̀dà wa lóǹtẹ̀ ní Mọ́ńdè.