Fláàṣì kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà mẹ́ta

₦15,000 ni mo san fún ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa, pé kó bá mi fi Windows tuntun sínú kọ̀ǹpútà kékeré ọmọ mi. Ọjọ́ kẹta ló gbé e padà bó ṣe wà. "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ló bàjẹ́, kò ka fláàṣì. Ẹ ra òmíì." Kò dá kọ́bọ̀ padà. Inú bí mi, mo ní màá ṣe é fúnra mi, Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni màá sì fi sí i.

Rufus, ètò tó ń kó Ubuntu sórí fláàṣì kí kọ̀ǹpútà lè tan láti ibẹ̀, ni mo fi ṣe fláàṣì náà. Ìyẹn kò le. Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí Dell mi: mo tẹ F12 bó ṣe ń tan kí n lè yan fláàṣì, ó wọlé. HP ìyàwó mi: F9, ó wọlé. Mo ti ń súfèé.

Ó wá kan ti ọmọ. Mo tẹ Esc títí ìka fi ń ro mí, fláàṣì kò sí lára ohun tó kọ síbẹ̀. Mo fi sí ojú USB kejì, kò sí. Mo pa Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ètò tí kò mọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, kò sí. Mo tún fláàṣì ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo yá ti aládùúgbò. Aago méjì òru, wọ́n múná lọ, mo sì ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ.

Irọ́ ni! Atom Z3735F ni ọpọlọ (processor) tó wà nínú ẹ̀rọ náà, 64-bit ni, àmọ́ UEFI, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí i lójú oorun, 32-bit ni. Bootia32.efi, fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ti 32-bit, ló ń wá nínú fódà EFI/BOOT, bootx64.efi ti 64-bit nìkan ló sì wà lórí fláàṣì mi. Àfi bí ẹni ń kanlẹ̀kùn onílé tí kò gbédè ẹni. Debian 12 ti 64-bit, ètò ọ̀fẹ́ bíi Ubuntu, ní fáìlì méjèèjì. Mo fi ṣe fláàṣì, orúkọ ẹ̀ yọ gannboro! Igbe tí mo ké, ìyàwó mi sáré dé tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́: "Bàbá Ayọ̀, kí ló dé?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé Windows àtijọ́ ti ta mí lólobó lọ́jọ́ kìíní, lábẹ́ About: "32-bit operating system, x64-based processor." Mo kà á, mo kọjá. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí tiyín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá UEFI ẹ̀ jẹ́ 32-bit, ẹ má tún fláàṣì ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin bíi tèmi.

Ọkùnrin yẹn kí mi láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé mo ti ra òmíì. Mo ní kó kọ́kọ́ kó ₦15,000 mi wá ná.