Bí mo ṣe tún Morris Minor ọdún 1967 ṣe, tí bíréèkì fi ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Kò sẹ́ni tó máa ra mọ́tò àtijọ́ tí ò ní fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Bàbá tó bá mi ṣe iṣẹ́ yìí ni ò gbà. Wọ́n ní mọ́tò tí ò bá lè lọ, gáréèjì ló máa jókòó sí. Èyí tó bá lọ tí ò lè dúró, ògiri ilé onílé ló máa lọ kọlù. Bíréèkì la wá fi bẹ̀rẹ̀, abẹ́ mọ́tò tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn. Bí mo bá tún ra òmíràn lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe tò ó.

Morris Minor 1000 ni, onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Ní Cowley, ní ìlú Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún 1967 sì ni tèmi jáde. Alec Issigonis tó ya mọ́tò kékeré Mini ọdún 1959 ló ya Minor ṣáájú rẹ̀. 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé, nígbà tí wọ́n sì máa fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1971, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ò fi wọ́n títí dòní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ́tò àtijọ́ tí ò ní sọ yín di alágbe, èyí tó pọ̀ nílẹ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó rẹwà jù.

Àwọn àgbà tó gbé Èkó tàbí Ìbàdàn nígbà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bàbá tí mò ń wí yìí, Òkè-Bọ̀lá ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí wọ́n tó wá sí London, Morris Minor sì wà lára ohun tó ń wọ ọgbà ọ̀gá wọn jù. Nàìjíríà ò tíì kúrò lọ́wọ́ òsì títì nígbà yẹn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Sítíárìn ọ̀tún bíi tèmi yìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ṣí gáréèjì fún wọn, wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dà ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà, wọ́n fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ń gbà fa girísì sí i, wọ́n wá gbójú sókè: "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi ebi girísì pa á o."

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ spánà. Mọ́tò yìí ò mọ mìlímítà. Íǹṣì ni nọ́ọ̀tì rẹ̀: 7/16, 1/2, 9/16. Spánà 13 tó wà nílé gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá nọ́ọ̀tì 1/2 mu, àfo kékeré tó kù yẹn ló sì máa ń jẹ orí nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún títí á fi di róbótó. Mo ra spánà oníǹṣì àlòkù lọ́jà, owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n sì le ju tuntun mìíràn lọ.

Bíréèkì wá ńkọ́? Ẹni tó fi másítà síléńdà Morris Minor, èyí tó ń ti ọ́yìlì lọ sí táyà bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, síbi tó wà, kò ro ti ẹni tó máa yọ ọ́. Inú sẹ́ẹ̀sì ló wà, lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an. O máa ká kápẹ́ẹ̀tì, o máa tú irin pẹlẹbẹ kan, nígbà náà lo máa tó rí ẹnu tí wọ́n ń da ọ́yìlì sí. Abájọ tí àwọn tó ní mọ́tò yìí fi máa ń gbàgbé rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Bóòtù méjì ló dè é mọ́ sẹ́ẹ̀sì. O tú nọ́ọ̀tì wọn tán, o fẹ́ fa bóòtù jáde, kò jáde, torí irin gígùn tó ń ṣiṣẹ́ súpúríǹgì fún táyà iwájú ti dábùú ọ̀nà. Bí irin yẹn bá sì wà lórí agbára rẹ̀ tí èèyàn tú u lójijì, ó lè fọ́ni lọ́wọ́. A gbé iwájú mọ́tò sórí ìdúró irin, a fi jáàkì ti apá táyà lábẹ́, a wá ń tú u jẹ́jẹ́ títí a fi rí àyè yẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a ṣí síléńdà náà, ọ́yìlì inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú, rọ́bà rẹ̀ ti gan. Mi ò tún un ṣe, tuntun ni mo rà. Wíìlì síléńdà, èyí tí ọ́yìlì náà ń tì kí bíréèkì lè di táyà mú, mẹ́fà ni mọ́tò yìí ní, méjì-méjì ní táyà iwájú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Gbogbo wọn ni mo pààrọ̀, pẹ̀lú rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ́yìlì ń gbà kọjá. Páìpù onírin tó ti jẹra, mo fi èyí tí wọ́n fi kọ́pà àti níkẹ̀lì pò rọ́pò rẹ̀, torí òun kì í dógùn-ún. Ibi bíréèkì kọ́ ni ibi tó yẹ kéèyàn ti máa ṣọ́ owó.

Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló kù tí a máa lé jáde. Bàbá jókòó sí ìjókòó awakọ̀, èmi dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú spánà àti ìgò jáàmù tí mo fi rọ́bà funfun kan bọ̀. Táyà ẹ̀yìn apá òsì la fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà sí másítà síléńdà jù.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Mo tú u díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń hó nínú ìgò, mo dè é padà.

"Ẹ tú u sílẹ̀, sà."

"Mo ti tú u sílẹ̀. Má jẹ́ kí ọ́yìlì gbẹ lókè o!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí hòò fi dáwọ́ dúró nínú ìgò, tí ẹsẹ̀ bíréèkì kò rì mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ ní aṣọ tútù lọ́wọ́ o. Ọ́yìlì bíréèkì bá ọ̀dà mọ́tò lọ́wọ́, ó máa bó o.

Ìpáàrà ni ọ̀tá Morris Minor, ẹ́ńjìnnì kọ́. Mọ́tò yìí lè dán lókè kí abẹ́ rẹ̀ ti di eérú. Irin pẹlẹbẹ kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, níbi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá ń wọlé. Ẹ tú u kúrò kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo tú tèmi, mo fi sìkírúù díráfà gún abẹ́ rẹ̀, ó wọlé dé èkù. Ẹni kan ti fi pọ́tì dí ihò náà, ó kun ọ̀dà dúdú lé e lórí, ó sì tún mọ́tò náà tà. Ibi tó tún burú ju ìyẹn lọ ni irin ìdábùú tó wà lábẹ́ àga iwájú. Òun ló di ẹ̀yìn àwọn irin súpúríǹgì iwájú mú. Bó bá jẹrà, gbogbo ìwúwo iwájú mọ́tò ò ní ibi tó dúró lé mọ́.

Mo gba wẹ́dà fún ibí yìí. Iṣẹ́ tó gbé ẹ̀mí dání kọ́ ni mo fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin. Ṣùgbọ́n mo dúró tì í. Kó tó gé ohunkóhun, ó fi irin gbọọrọ dábùú ẹnu ọ̀nà kí ara mọ́tò má bàa rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló gé, ó jó o tán, ó ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó ṣì ń bá ẹnu ara wọn mu, kó tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi ti yọ táǹkì epo kúrò ní abẹ́ búùtù, mo ti tú bátìrì sílẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá kan ni pé bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà táyà iwájú mọ́ ọn, wọn kò jó o mọ́ ọn, torí náà gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀, téèyàn rí inú rẹ̀ kedere. Níbí, ẹ lè ra irin ìdábùú yẹn ní tuntun, kó ti gún bó ṣe yẹ. Àwọn páńẹ́lì bítà wa nílé kì í rí tuntun rà, òòlù àti páànù ni wọ́n fi ń gbẹ́ irú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní wọn ò mọṣẹ́, kó lọ gbé òòlù wò.

Girísì tí Bàbá ń wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ìtàn. Ohun tí táyà iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì jẹ́ irin tí wọ́n fá lójú bíi ti bóòtù, lókè àti nísàlẹ̀, inú irin mìíràn tí wọ́n ń pè ní trunnion ló sì ń yí sí. Bí girísì ò bá sí níbẹ̀, irin á máa jẹ irin títí ojú fífá náà á fi tán. Lọ́jọ́ tó bá tán, ti ìsàlẹ̀ á yọ, táyà á sì dojú dé sábẹ́ mọ́tò. Bàbá ní ojú àwọn ló ṣe lórí títì, pẹ̀lú takisí tó kún. Tèmi ti ń mì tí mo bá di orí táyà mú tí mo mi ín sókè sódò. Mo pààrọ̀ apá méjèèjì. Ní báyìí, mo máa ń gbé táyà kúrò nílẹ̀ kí n tó fa girísì sí i, torí bí ìwúwo mọ́tò bá wà lórí rẹ̀, girísì ò ní dé ibi tó yẹ.

Ẹ́ńjìnnì ò yọ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. A-series ni, 1098 cc, mọ̀lẹ́bí èyí tó wà nínú Mini. A yọ púlọ́ọ̀gì, a kán ọ́yìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí orí písítìnnì, a fi í sílẹ̀ kó wọlé dáadáa. Mọ́tò yìí ṣì ní ihò níwájú tí wọ́n ń ki irin bọ̀ láti fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Kí n tó fọwọ́ kàn án, Bàbá gbá mi lọ́wọ́: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù, kò gbọdọ̀ yí irin náà ká, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó máa ṣẹ́ ẹ. Ó yí. Ó le lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó rọ̀.

Fáàfù mẹ́jọ ló wà, àlàfo 0.012 íǹṣì la fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ọgbọ́n tí Bàbá fi kọ́ mi ni mẹ́sàn-án: bí ìkẹjọ bá ṣí tán, ìkínní ni kí o wọ̀n; bí ìkeje bá ṣí, ìkejì ni; bí ìkẹfà bá ṣí, ìkẹta. Àròpọ̀ wọn mẹ́sàn-án ni ṣáá. Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ gba àlàfo 0.015 íǹṣì. Kabúrétọ̀ SU, a fọ̀ ọ́, a da ọ́yìlì díẹ̀ sí orí rẹ̀, mo wá fi ìka gbé písítìnnì inú rẹ̀ sókè, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó bọ́, ó dún "kọ́". Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, nǹkan há sí i.

Nígbà tí mo wá yí kọ́kọ́rọ́, kò sí ohùn kankan. Ó yẹ kí pọ́ǹpù epo máa dún tà-tà-tà títí kabúrétọ̀ á fi kún. Bàbá fi èkù sìkírúù díráfà kàn án lẹ́ẹ̀kan. Tà-tà-tà-tà-tà, ó sì dákẹ́ bó ṣe yẹ. Àtìgbà yẹn ni mo ti pààrọ̀ kọ́ńtáàtì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kó sìkírúù díráfà kúrò nínú mọ́tò.

Ẹ kíyè sí iná rẹ̀ o. Ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò yìí, ìdàkejì tòde òní. Bí ẹ bá pe rewaya tí ò mọ̀, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fíúùsì méjì péré ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Iná iwájú tèmi ń ṣe bàìbàì. Mo fi sáńdípépà ha ìpáàrà kúrò níbi tí wáyà ti kan ara mọ́tò, ó mọ́lẹ̀ rekete láìra ohunkóhun.

Ní ti epo, láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni E10 ti di pẹtiróò gbogboogbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yà ọtí inú rẹ̀ sì máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí i, ni mò ń rà, ó wọ́n jù ú lọ, mo sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo pẹ̀lú rẹ̀.

Mọ́tò tó bá ti pé ogójì ọdún, tí wọn ò sì yí ohun pàtàkì kan padà nínú rẹ̀, òfin níbí ò ní dandan kó ṣe MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá mọ́tò yẹ lójú títì, kì í san owó ojú títì, ULEZ London, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀, náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi gbé tèmi lọ fún MOT síbẹ̀síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn rí abẹ́ rẹ̀, pàápàá ibi tí wẹ́dà jó. Bíréèkì apá òsì àti apá ọ̀tún dọ́gba lórí ẹ̀rọ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé rọ́bà wáípà ti gan. Èyí tí wọn ò rí ni omi òjò tó ń gba etí gíláàsì iwájú wọlé sí ẹsẹ̀ èrò. Rọ́bà rẹ̀ tuntun ti wà nínú páálí, ọ̀gbẹlẹ̀ díẹ̀ ni mò ń wá tí mo máa fi rí i lẹ̀.