Bí iná bá dé tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò wọlé

Ẹ̀yin ará àdúgbò, bí NEPA bá mú iná dé tí Wi-Fi ilé yín kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset ẹ̀yìn router (àpótí tó ń fún yín ní Wi-Fi) o. Bí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá ń lo PPPoE (ọ̀nà tí router fi ń lo orúkọ àti password wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì), reset yẹn máa pa orúkọ àti password tí wọ́n fi sí i rẹ́, ẹ ó wá máa dúró de òṣìṣẹ́ wọn.

Ní ilé tó ń lo fáíbà (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì), router lè ti tan kí àpótí fáíbà, èyí tí wáyà náà wọ̀, tó rí ìlà, kò sì ní rí àdírẹ́sì tó fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì gbà. Ẹ yọ méjèèjì kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ kọ́kọ́ tan àpótí fáíbà, kí iná PON rẹ̀ (èyí tó ń fi hàn pé ìlà ti wọlé) dúró láìṣẹ́jú (ó lè tó ìṣẹ́jú 3), kí ẹ tó tan router. Bí iná LOS (èyí tó ń fi hàn pé ìlà kò wọlé) bá pọ́n, wáyà ló já tàbí ó ká jù, tàbí kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣòro wà. Ẹ pè wọ́n.

Bí router bá ń kú tó tún ń tan fúnra rẹ̀, ẹ fura sí adaptor rẹ̀ (èyí tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀). Iná tó bá dé pẹ̀lú agbára máa ń bà á jẹ́. Ẹ wo abẹ́ router: bí wọ́n bá kọ 12V 1A (V ni volt, A ni amp), 12V gan-an ni kí ẹ rà, 1.5A tàbí 2A kò burú, ṣùgbọ́n 9V kò lè gbé e.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Bó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5 kó fẹsẹ̀ múlẹ̀.