Bí ẹ ṣe lè kó fúláwà àti ewé inú ìkòkò lọ sílé tuntun kí wọ́n má kú

Ẹ̀yin ará wa ní Abuja, rẹ́ǹtì ń lé gbogbo wa kiri, lónìí èèyàn wà ní Lugbe, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ó ti kó lọ Kubwa tàbí Mararaba. Ohun tá a sì máa ń rántí kẹ́yìn ni ewúro inú búkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fínrín, ọ̀dúndún, ata, àti fúláwà tá a ti ń bomi rin látọjọ́ pípẹ́. A ó kàn gbé wọn jù sẹ́yìn ọkọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á ti gbẹ, a ó wá ní omi ilé tuntun ni ò bá wọn lára mu.

Kì í ṣe omi o. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń pa wọ́n, oòrùn ilé tuntun á wá parí ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á máa gba omi lára ewé ju èyí tí gbòǹgbò lè fà gòkè lọ, ká má tíì sọ ti ìgbà ọ̀yẹ́, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, tí ètè àwa gan-an ń bó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ mú ọjọ́, ẹ kó wọn nígbà òjò. Oṣù kìíní lèmi kó ọsàn wẹ́wẹ́ tí màmá mi gbin kóró ẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láìfi nǹkan bò ó, ká tó dé Kubwa ewé ẹ̀ ti ká, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo ẹ̀ ti já sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yẹ ìdí ìkòkò wò. Èyí tó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀ lásán, gbòǹgbò ẹ̀ á ti gba ojú ihò ìsàlẹ̀ wọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á tu lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó, ìyà ńlá lẹ fi jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé gbòǹgbò yẹn nísinsìnyí, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò sórí búlọ́ọ̀kù níbi ìbòòji, kó ti mọ́ ọn lára kó tó dọjọ́ náà. Ẹ gé ẹ̀ka ewúro àti ẹ̀fínrín tó ti gùn jù, ẹ fi sebẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò fún kòkòrò funfun tó dà bí òwú, tó bá wà níbẹ̀ ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, torí ẹ ò fẹ́ kó o lọ bá àwọn aládùúgbò tuntun.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ bomi rin wọ́n, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. Lítà omi kan, kílò kan ni, ìkòkò ogún tẹ́ ẹ bu lítà méjì méjì sí ti di ẹrù 40 kílò lórí ẹrù, ẹrẹ̀ á tún máa dà sára tìmùtìmù. Áló fẹ́rà ò tiẹ̀ nílò omi kankan lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ fún ìkòkò pọ̀ sínú páálí, kẹ́ ẹ fi aṣọ àlòkù dí àlàfo, kẹ́ ẹ wá fi àǹkárá àtijọ́ bò wọ́n. Ẹ má lo ọ̀rá dúdú, á sè wọ́n. Àwọn ni kẹ́ ẹ kó sọ́kọ̀ kẹ́yìn, àwọn náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀. Tó bá sì jẹ́ mọ́tò tiyín lẹ fi kó wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yà sí Wuse lọ rajà, ooru inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn lè kọjá 50°C.

Tẹ́ ẹ bá dé, ibi ìbòòji ni fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn àárọ̀ ń bà. Ẹ má gbé wọn sórí íńtálọ́ọ̀kù tó ń gbóná, tàbí síbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ẹ má tíì fún wọn ní ajílẹ̀, ẹ má sì tíì pààrọ̀ ìkòkò wọn, ó di lẹ́yìn bí oṣù kan.

Tí ewé bá já, ẹ má sáré dà á nù. Ẹ fi èékánná ha èèpo igi ẹ̀ díẹ̀, tí abẹ́ ẹ̀ bá ṣì tutù tó láwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo sọ yẹn, bó ṣe rí nìyẹn, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ló tó rú ewé.